Ọmọ mi fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì àwọn pátíkù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ẹlẹ́ja Èbúté

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú nílé lóko. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo gbé wá. Físíìsì ló kà ní yunifásítì, two-one ni wọ́n fún un, ó sì ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Èmi rò pé iṣẹ́ báńkì ló máa wá, tàbí kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé. Ó ní rárá, òun fẹ́ di ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ àwọn ohun tó kéré jù lọ tí a fi mọ ayé. Mi ò fẹ́ dí i lọ́wọ́. Owó ẹja ni mo fi rán an níwèé, mo sì fẹ́ kó dé ibi tí ojú rẹ̀ ń wò.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni owó. Ajẹ́ǹtì kan ní Agric ní òun á bá a wá àyè sí yunifásítì òkè òkun, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, ká san owó iṣẹ́ tòun, ká sì san owó ilé-ìwé ọdún kìíní sílẹ̀. Bí mo bá kó owó yẹn kalẹ̀, ọjà mi wọlẹ̀ nìyẹn. Ọmọ náà tún ní ọ̀nà méjì ló wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀hún, ọ̀kan jẹ́ ti ìṣirò, èkejì jẹ́ ti ẹ̀rọ, òun ò sì tíì mọ èyí tí òun á mú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ là mí lóye.

Ọmọ Ìgbógbó ní Hamburg

Màmá, ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni yẹn. Nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, ẹni tó ń ṣe PhD kì í sábà san owó ilé-ìwé láti àpò ara rẹ̀, òun gan-an ni wọ́n ń sanwó fún. Ní Jámánì tí mo wà, iṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Mo tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n ń san owó oṣù fún mi, wọ́n sì ń yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì nínú rẹ̀ bíi ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Kì í sábà jẹ́ owó oṣù kíkún. Ìdajì tàbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ó tó jẹun, ó tó san ilé, kò tó ṣe fàájì.

Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì á dárí owó ilé-ìwé jì í, wọ́n á tún fún un ní owó oṣù, nítorí pé á máa kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tàbí kó máa ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ń gba ẹni tó ní BSc nìkan síbẹ̀, á sì lo bí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Jámánì fẹ́ kó kọ́kọ́ ní máásítà. Owó kan ṣoṣo tí ilé-ìwé Amẹ́ríkà lè bèèrè ṣáájú ni owó fọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń yọ̀ǹda ìyẹn náà bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ̀wé sí wọn pé òun ò ní. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó ọdún kìíní fún òun kí òun fi bá yín wá àyè PhD, kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ibẹ̀, tàbí kó mọ̀ ọ́n kó sì fẹ́ jẹ yín.

Ní ti ọ̀nà méjì tó sọ, ẹ̀ka àyẹ̀wò lèmi wà, ìyẹn ti ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ ńlá kan wà lẹ́bàá Geneva, ní ààlà Switzerland àti Faransé, CERN lorúkọ rẹ̀, 1954 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò róbótó sábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, nǹkan bí 100 mítà sísàlẹ̀. Ìyípo rẹ̀ jẹ́ 27 kìlómítà, tó ọ̀nà BRT láti Mile 12 dé Ìkòròdú ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní LHC. Proton, ohun tín-ńtín kan tó wà nínú gbogbo nǹkan, ló ń sáré nínú rẹ̀ láti ọ̀nà méjì, tí wọ́n á fi kọlu ara wọn láàárín àwọn ẹ̀rọ gìrìwò tó ń wo ohun tó bá jáde. ATLAS ni ọ̀kan, ó gùn tó mítà 46. CMS ni èkejì, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 14,000. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n kéde ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012 pé àwọn ti rí pátíkù Higgs, èyí tó jẹ mọ́ ìdí tí àwọn pátíkù mìíràn fi ní ìwúwo.

Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdì proton ń pàdé ara wọn ní ìgbà mílíọ̀nù 40. Kò sí ibi tí wọ́n lè tọ́jú gbogbo rẹ̀ sí. Nítorí náà, ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní trigger ló ń pinnu kíákíá èyí tó yẹ kí a pa mọ́, ẹgbẹ̀rún díẹ̀ péré ló sì ń ṣẹ́kù nínú mílíọ̀nù 40 yẹn. Bí trigger bá da ohun tó ṣe pàtàkì nù, ó lọ pátápátá nìyẹn. Àwọn èèyàn wà tí wọ́n fi gbogbo PhD wọn ṣiṣẹ́ lórí bí kò ṣe ní dà á nù.

Iṣẹ́ tèmi wà lórí sílíkọ́nì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi mọ ibi tí pátíkù gbà kọjá. Aṣọ funfun, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú ni mo fi ń wọ yàrá náà, kí eruku má bàa dé ibẹ̀. Mo máa ń wo àwọn wáyà tó fi sílíkọ́nì mọ́ pátákó iná lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, wáyà tó fẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti ṣẹ́, a ó tún un so. Bó bá di ọ̀sán, mo ti wà nídìí kọ̀ǹpútà, kódù ni títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹ̀ka yìí báyìí tún ní láti mọ̀ pé wọ́n ṣètò pé kí LHC dúró láti àárín ọdún 2026 kí wọ́n lè tún un ṣe, ètò wọn sì ni pé ọdún 2030 ló máa padà, kí ìkọlù inú rẹ̀ lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Iṣẹ́ kíkan ẹ̀rọ tuntun pọ̀ nílẹ̀ ní àárín ìgbà yẹn, détà tí wọ́n ti kó jọ náà pọ̀. Kó má bẹ̀rù pé iṣẹ́ á tán.

Bàbá Agric

Ẹ kú àdáwọ́lé o. Èmi ò lòdì sí ìwé kíkà, ṣùgbọ́n mo ní láti bèèrè ohun tí bàbá gbọ́dọ̀ bèèrè. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà yẹn ńkọ́? Ta ló ń gba ọ̀mọ̀wé pátíkù síṣẹ́ ní Nàìjíríà?

Ọmọ Ìjẹdẹ

Bàbá, ìbéèrè tó yẹ ni ẹ bèèrè, ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá gba PhD nínú ẹ̀kọ́ yìí kì í di ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí àyè olùkọ́ yunifásítì ò tó nǹkan kárí ayé. Iṣẹ́ détà ni púpọ̀ nínú wọn ń bá lọ, ní báńkì, ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nítorí pé ẹni tó ti lo ọdún mélòó kan láti wá ohun tín-ńtín nínú òkìtì détà ti mọ iṣẹ́ yẹn dunjú. Àwọn mìíràn ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán pa kókó jẹjẹrẹ, ọmọ ìyá ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí ni, onífísíìsì ló sì ń wọn iye ìtànṣán tó máa wọ ara aláìsàn. Nàìjíríà nílò irú wọn gan-an.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìṣirò, torí tíọ́rì lèmi ń ṣe. Kò sí yàrá aláṣọ funfun lọ́dọ̀ wa. Tákàdá, bírò, kọ̀ǹpútà, àti ojú pátákó tí èmi àti ọ̀gá mi jọ ń bá ara wa jiyàn sí. Ìṣirò kan lè gba odidi ọ̀sẹ̀, bí àmì ìyọkúrò kan bá sì sọnù lójú ewé kejì, gbogbo ohun tó kù á wọ́. Ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ló sábà ń jọ kọ ìwé ìwádìí kan. Ní ẹ̀ka ti ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Ìwé tí ATLAS àti CMS jọ kọ ní 2015 lórí ìwúwo Higgs ní orúkọ 5,154, bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò ni wọ́n sì to orúkọ wọn. Àwọn kan nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ àjọṣe bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ mọ gbogbo ìlà ìwé tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀.

Àyè tíọ́rì kéré ju ti àyẹ̀wò lọ, kí àbúrò mọ ìyẹn látìbẹ̀rẹ̀. Ó sì máa ń pẹ́ kéèyàn tó lè dá nǹkan tuntun ṣe, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ quantum field theory, ìṣirò tí a fi ń ṣàlàyé bí àwọn pátíkù ṣe ń ṣe, dójú àmì.

Àmọ́ ẹ má rò pé ilé méjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Ẹ gbọ́ èyí. Ní Fermilab, ilé ìwádìí pátíkù kan nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń wọn bí muon ṣe ń ṣe nínú agbára òòfà. Muon dà bí electron, pátíkù tó ń gbé iná mànàmáná nínú wáyà, ó kàn wúwo jù ú lọ ni. Òrùka òòfà tí wọ́n lò fẹ̀ tó mítà 14, New York ni wọ́n ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ní 2013, wọ́n gbé e sórí bàájì, wọ́n gbé e gba ojú òkun yí Florida ká, wọ́n sì tún gbé e gba ojú odò gòkè dé ìpínlẹ̀ Illinois, nítorí pé wọn ò lè tú u sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí èsì jáde ní 2021, ó jọ pé ohun tí ẹ̀rọ rí kò bá ohun tí ìṣirò sọ mu. Gbogbo ayé gbé e pé bóyá pátíkù tuntun ń bẹ níbẹ̀. Àwọn onítíọ́rì padà sídìí ìṣirò wọn, wọ́n lo kọ̀ǹpútà alágbára láti tún un ṣe lọ́nà mìíràn, nígbà tó sì fi di 2025 tí èsì ìkẹyìn jáde, ìṣirò tuntun àti ẹ̀rọ ti ń sọ ohun kan náà. Láìsí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó máa yẹ ìṣirò yẹn wò tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó, èmi ò ní olówó nílé. ICTP, ilé ẹ̀kọ́ físíìsì kan ní Trieste, Ítálì, ló gbà mí. Abdus Salam, ọmọ Pakistan tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979, ló dá a sílẹ̀ ní 1964 nítorí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Wọ́n ní ètò Diploma ọlọ́dún kan, ẹ̀ka pátíkù wà nínú rẹ̀. Wọn kì í gba owó fọ́ọ̀mù, wọ́n ń sanwó ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ń fúnni ní ibi tí a máa sùn àti owó oúnjẹ. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí PhD. ICTP tún ní ẹ̀ka ní Kigali, Rwanda, láti 2018. AIMS, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò ti ilẹ̀ Áfíríkà, náà wà, South Africa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ó ti wà ní Senegal, Ghana, Cameroon àti Rwanda báyìí. Máásítà ni tiwọn, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí wọ́n bá mú. Bí àbúrò bá ń lọ sí Jámánì lẹ́yìn náà, máásítà yẹn ló máa gbé e wọlé.

Tíṣà Odógunyàn

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un fún Màmá, kí wọ́n lè mọ̀ pé ohun tí ọmọ wọn ń lé kò jìnnà sí Èbúté. Ìtànṣán ń wá láti òfurufú lójoojúmọ́, bó bá kọlu afẹ́fẹ́ lókè, muon tí wọ́n ń sọ yìí á jáde nínú rẹ̀. Lójú ibi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, nǹkan bí ẹyọ kan ló ń gbà á kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Màmá, bí ẹ bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín síwájú atẹ ẹja, nǹkan bí ẹyọ kan á máa gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń gba ara wa kọjá, a ò sì mọ̀. Bí mo bá sọ ọ́ ní kíláàsì, ńṣe làwọn ọmọ máa ń yí ọwọ́ wọn wò.

Ohun mìíràn ni African School of Physics. Kétévi Assamagan, ọmọ Tógò tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Brookhaven ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Stellenbosch ní South Africa ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 2010, láti ìgbà náà ó ti dé Kumasi, Dakar, Kigali, Windhoek. Akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń kó jọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó máa wo ìgbà tí wọ́n bá ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ètò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti CERN náà dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì wà nílé-ìwé fún BSc tàbí máásítà ni wọ́n ń gbà, nítorí náà ìgbà tó bá wọ máásítà ni kó rántí rẹ̀.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀ sà. Èmi ni ọmọ tí wọ́n ń sọ. Màámi ló gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ pé kí n kà á. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Ìbéèrè mi ni pé yàrá àyẹ̀wò wa nílé-ìwé ò ní ohun èlò tó pọ̀, Python, èdè tí a fi ń kọ kódù kọ̀ǹpútà, díẹ̀ ni mo mọ̀. Kí ni mo lè dì mú báyìí, láti ilé, kí n tó mọ ẹ̀ka tí màá kọ sínú fọ́ọ̀mù?

Ọmọ Ìgbógbó ní Hamburg

Àbúrò, káàbọ̀. CERN ti gbé détà gidi síta lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2014, lórí CERN Open Data. Wá fáìlì kan níbẹ̀ tí CMS kó ní 2010, tó ní ìṣẹ̀lẹ̀ 100,000, muon méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. CSV ni, kò tóbi, kò ní jẹ détà fóònù rẹ. Ṣí i nínú Google Colab. Orí kọ̀ǹpútà tiwọn ló ti máa ṣiṣẹ́, bí iná bá lọ, kódù rẹ ò ní sọnù.

Mú àwọn tí muon méjèèjì ní àmì iná tó yàtọ̀ síra, kí ọ̀kan jẹ́ àròpọ̀, kí èkejì jẹ́ àyọkúrò. Lẹ́yìn náà ṣe ìṣirò yìí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

M² = 2 · pT1 · pT2 · (cosh Δη − cos Δφ)

M ni ìwúwo ohun tó bí muon méjèèjì, GeV ni òṣùwọ̀n rẹ̀. pT ni agbára ìsáré muon kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, η àti φ ni igun tó gbà jáde. Ya histogram M, ìyẹn àwòrán tó ń fi hàn bí iye kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó, láti 2 dé 110 GeV, lo log ní ìsàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò ní sọ ohun tí wàá rí. Padà wá sọ fún wa.

Ará Àgbádárìgì

Kí a má gbàgbé tránsíkíríìpù o! Òun ló ń pa àwọn ọmọ wa lára jù. Yunifásítì tí mo ti jáde fi tèmi falẹ̀ títí ọjọ́ fi kọjá, lẹ́yìn tí mo ti sanwó, odidi ọdún kan ló sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àbúrò, má dúró de ìgbà tí ilé-ìwé òkè òkun bá bèèrè. Lọ síbẹ̀ fúnra rẹ, gba nọ́ńbà ìwé tí o fi bèèrè, mọ ọ́fíìsì tó wà lọ́wọ́, kí o sì máa padà lọ. Gba lẹ́tà tó sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ẹ, àwọn ilé-ìwé mìíràn á gbà á dípò IELTS tàbí TOEFL. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka físíìsì ní Amẹ́ríkà ò sì bèèrè ìdánwò GRE mọ́, ka ojú ìwé wọn kí o tó náwó sí i. Oṣù Kejìlá ni fọ́ọ̀mù púpọ̀ nínú wọn ń parí.

Ẹni tó máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ẹ, kó jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Olùkọ́ tó bá ẹ ṣe pírójẹ́ẹ̀tì sàn ju ọ̀gá ńlá tí kò mọ orúkọ rẹ lọ. Fi ohun tí o ṣe ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú ọjọ́ tí lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé, kí o sì fi ọ̀wọ̀ rán an létí.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ti tránsíkíríìpù.

Mo ya histogram náà. Òkè kan wà ní 91 GeV, ó hàn kedere. Ṣùgbọ́n òkè kékeré tó rí ṣóńṣó tún wà ní bíi 3.1, àwọn kan tún wà láàárín 9 sí 10.5 tó sún mọ́ ara wọn. Mo kọ́kọ́ rò pé kódù mi ló bàjẹ́, mo tún un kọ, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Kí ni wọ́n?

Ọmọ Ìjẹdẹ

Inú mi dùn gan-an! Kódù rẹ ò bàjẹ́. Èyí tó wà ní 91 ni pátíkù tí wọ́n ń pè ní Z, CERN ló rí i ní 1983. Ti 3.1 ni J/ψ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1974, ikọ̀ méjì rí i lẹ́ẹ̀kan náà, ti Burton Richter ní SLAC, ilé ìwádìí kan ní California, àti ti Samuel Ting ní Brookhaven, àwọn méjèèjì sì gba Nobel ní 1976. Quark ni pátíkù kékeré tí wọ́n fi mọ proton pàápàá, irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ charm àti èyí tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀ ló so pọ̀ di ohun yẹn. Àwọn tó wà láàárín 9 sí 10.5 ni ẹbí Upsilon, Fermilab ló rí wọn ní 1977, quark bottom ló wà nínú wọn. Ohun tí o yà níwájú ilé yín yẹn, Nobel wà nínú rẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè tèmi, má ronú kí o tó dáhùn. Nígbà tí o rí òkè 3.1 yẹn, kí lo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀? Bóyá ìdí tó fi jẹ́ 3.1 tí kì í ṣe 4 ni, tàbí nǹkan mìíràn?

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí ló dé tí kò fi rí ṣóńṣó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìwúwo rẹ̀ bá jẹ́ iye kan, kí ló fẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì? Ṣé ẹ̀rọ ni kò wọ̀n ọ́n dáadáa ni? Àti pé báwo ni ẹ̀rọ ṣe mọ̀ pé muon ni, tí kì í ṣe nǹkan mìíràn tó gba ibẹ̀ kọjá? Mi ò sùn bọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ lánàá.

Ọmọ Ìjẹdẹ

Ọmọ ẹ̀yin aláyẹ̀wò ni, ẹ̀gbọ́n Hamburg. Ẹ wá mú un.

Ìyá Ẹlẹ́ja Èbúté

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò ní sunkún ọmọ. Ajẹ́ǹtì náà pè láàárọ̀ yìí, mo ti sọ fún un pé a ò ṣe mọ́. Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ òkè 3.1 láti àná bí ẹni tó rí owó he. Bàbá Agric, mo gbọ́ ìbéèrè yín, mo sì gbọ́ èsì rẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ Ìgbógbó ní Hamburg

Àmín o, Màmá.

Àbúrò, òótọ́ ni o rò: òkè J/ψ fúnra rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, ẹ̀rọ ló fẹ̀ ẹ́ sí i. Muon ni wọ́n sì ń pè é nítorí pé ó la irin tó nípọn kọjá, tí púpọ̀ nínú àwọn pátíkù yòókù ti dúró sínú rẹ̀. Ohun tó kàn ni pé kí o pín détà yẹn sí méjì, àwọn tí muon wọn gba àárín ẹ̀rọ àti àwọn tó gba ẹ̀gbẹ́, nípa η. Ya òkè 3.1 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o wo èyí tó fẹ̀ jù, kí o sì kọ ohun tí o rò pé ó fà á. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà tí wàá kọ sí ilé-ìwé nìyẹn, pẹ̀lú àwòrán tí ìwọ fúnra rẹ yà. Fi ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ tó parí, n ó kà á, n ó sì sọ ibi tó yẹ kí o tún ṣe.